ORÍ OLÓKUN: OHUN TÍ Ó RÚ GBOGBO AYÉ LÓJÚ NÍ ILÉ-IFẸ̀, ÀTI BÍ Ó TI KAN ÌKÀRẸ́ ÀTI Ọ̀KÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ tí ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlú Àkókó fi ń sọ ìtàn Ilé-Ifẹ̀, ìdáhùn wa kò jìnnà. Yálà lórí òkè Ọ̀kà ni a ti bí wa tàbí ní Ìkàrẹ́, ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nípa ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá, ọ̀nà Ifẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà. Ohun tí ó bá sọnù ní orísun, gbogbo ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni ó sọnù lọ́wọ́ wọn. Ìdí kejì wà pẹ̀lú, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni orí idẹ kan, tí ó tó ìwọ̀n orí ènìyàn gan-an, tí ó dé adé, tí a fín ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Orí Olókun ni ayé ń pè é. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ọmọ ènìyàn ti ń jiyàn lé e lórí. Orí idẹ kan wà lọ́wọ́ ìjọba wa tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí. Ṣé òun ni èyí tí a wú nínú igbó ní ọdún 1910, tàbí ẹ̀dà rẹ̀ ni? Bí ó bá ṣe ẹ̀dà ni, níbo ni ojúlówó wà, ta ni ó sì gbé e?

Ní ìparí oṣù November ọdún 1910 ni ọkùnrin ará Jámánì kan tí a ń pè ní Leo Frobenius ti Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀. Kì í ṣe oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oníwàásù. Ẹni ọdún 37 ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa kọ ìtàn àwọn ènìyàn Áfíríkà sílẹ̀, kí ó sì máa kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ sí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí a ń kó ohun àtijọ́ sí fún àwọn ènìyàn láti wò. Ó mú ayàwòrán kan dání, Carl Arriens ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe wàjà tí Ọọ̀ni Adémilúyì Ajàgùn sì gorí ìtẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ìlú ti ń rí nígbà tí ọba bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tí ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà lára àlejò.

Ní apá àríwá ìlú ni Igbó Olókun wà, igbó òrìṣà tí ó ni òkun, tí ó ni ọrọ̀, tí ó ni ìlẹ̀kẹ̀. Frobenius gbọ́ pé orí idẹ kan wà nínú igbó náà tí a máa ń bò mọ́lẹ̀, pé nígbà tí àsìkò ìbọ bá tó ni a máa ń wú u jáde, tí a ó sì tún dá a padà sínú ilẹ̀ nígbà tí ìbọ bá parí. Ó tẹpẹlẹ mọ́ ọ̀rọ̀ náà títí a fi gbé orí náà síwájú rẹ̀. Bí òun tìkára rẹ̀ ti kọ ọ́, £6 àti ìgò ọtí wísíkì kan ni ó fi bá àwòrò náà dúnàádúrà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 1910, £6 kì í ṣe owó kékeré lójú ẹni tí ó ń fi oko jẹun. Kì í ṣe kíkéré owó ni ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ ní ojú tiwa. Ohun òrìṣà kì í ṣe ohun ìní ẹnìkan. Àwòrò a máa tọ́jú rẹ̀ fún ìlú ni, bí ọ̀dọ́mọkùnrin ti í tọ́jú ilé baba fún ẹbí. Bí a bá fi £6,000 lọ̀ ọ́ pẹ̀lú, kò ní ẹ̀tọ́ láti gbà á.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé etí ìlú, ìlú sì gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Partridge, wá sí Ifẹ̀ nínú oṣù December, ó jókòó, ó gbọ́ tẹnu àwọn ará Ifẹ̀, ó gbọ́ tẹnu Frobenius. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé a pàṣẹ fún ará Jámánì náà kí ó dá orí idẹ náà padà, ó sì dá a padà pẹ̀lú ìbínú. Inú ìwé tí ó ṣe ní ọdún 1912 ni ó ti ń ráhùn pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì hùwà ìlara sí òun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ òfo ni ó lọ. Àwọn orí amọ̀ tí ó rí kó ní Ifẹ̀ wà ní ìlú Berlin títí di òní.

Ohun kan tún wà tí a kò lè ṣàìsọ. Nígbà tí Frobenius rí bí iṣẹ́ náà ti dára tó, kò lè gbà pé baba àwọn tí ó ń wò níwájú rẹ̀ ni ó ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú àlọ́ àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní ó rì sínú òkun. Ní January 1911 ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde ní Amẹ́ríkà pé ará Jámánì kan ti rí Atlantis ní Áfíríkà. Ẹni tí ó fẹ́ gba orí lọ́wọ́ wa fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ baba wa pẹ̀lú.

Láti ìgbà náà orí Olókun kúrò nínú igbó, ó di ohun ààfin. Ní ọdún 1930 Ọọ̀ni Adémilúyì wàjà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí sì jọba. Ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ọkọ́ wọn kan idẹ. Orí idẹ tí ó lé ní 15 ni a wú ní ibẹ̀ ní ọdún náà àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Kí ìlú tó mí, mẹ́ta ti kúrò nílẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Èkó ra ọ̀kan, ó sì di ti British Museum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1939. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ṣùgbọ́n ó dá wọn padà ní ọdún 1950. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí rere rẹ̀. Ìpayà èyí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba dìde sí ọ̀rọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ọdún 1943 a fi Kenneth Murray ṣe olùbójútó wọn, ní ọdún 1953 òfin jáde, ní ọdún 1954 a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀.

Láàrin èyí ni ọ̀rọ̀ Orí Olókun tún yí padà. Ní ọdún 1948 a gbé e lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú àwọn yòókù fún ìfihàn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Leon Underwood, agbẹ́gilére tí ó tún mọ idẹ dídà dáradára. Nígbà tí ó wo orí náà nítòsí, ó ní kì í ṣe ojúlówó. Òun àti William Fagg ti British Museum kọ ọ́ jáde ní ọdún 1949.

Kí èyí lè yé wa, a ní láti mọ bí àwọn àgbẹ̀dẹ Ifẹ̀ ti ń ṣe é. Wọn a fi amọ̀ mọ inú orí, wọn a fi ìda bo amọ̀ náà, wọn a sì fín ojú, imú, ètè àti ilà sára ìda. Lẹ́yìn náà wọn a fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọn a fi iná sí i kí ìda lè yọ́ jáde, wọn a wá da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù wọn a fọ́ amọ̀ náà. Nítorí náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ í bí, kò ní ìbejì. Ọ̀nà kejì ni kí a tẹ ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́ iyanrìn tútù, kí a sì da idẹ sí ojú ibi tí a tẹ̀. Ẹ̀dà ni èyí í bí, ojú rẹ̀ kì í sì mú bí ti ìyá rẹ̀. Underwood ní ọ̀nà iyanrìn ni a gbà ṣe orí tí a gbé wá fún òun, àti pé kò tíì pẹ́ tí a ṣe é.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí! Orí tí a gbé ẹjọ́ lé lórí, tí ìjọba gbà padà, tí ó wà ní ààfin ní nǹkan bí 40 ọdún, ni a wá sọ pé kì í ṣe òun.

Ojú gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ lọ sára Frobenius, òun sì ti kú ní ọdún 1938, kò lè fèsì. Àwa kò fẹ́ràn ìwà rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè dá a lẹ́bi nínú èyí láìro ó dáradára. Láti ìgbà tí orí náà bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ títí di ìgbà tí Partridge gbà á, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ní ìlú àjèjì, lójú àwọn tí ó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí yóò da idẹ kí ó tó orí ènìyàn, kí ó fín in, kí ó pa á láró kí ó dàbí ohun àtijọ́, tí ẹni tí ó ti ń bọ ọ́ láti kékeré kò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ilé àgbẹ̀dẹ àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé láàrin ọdún 1910 àti 1948 ni a ti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí ṣeé ṣe, nítorí pé ọdún púpọ̀ ni, ohun iyebíye sì ni.

Ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè parí àríyànjiyàn náà ni èyí: nígbà tí a fẹ́ mọ bí ojúlówó ti rí, inú ìwé Frobenius ni a tún padà sí. Àwòrán tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ni ẹ̀rí tí ó pẹ́ jù lọ. Ẹni tí a fura sí ni ó ni ẹ̀rí. Kí òun tó dé, igbó ni ó mọ orí náà, ìwọ̀nba àwòrò ni ó sì mọ ojú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1949, ta ni ó kù nínú wọn tí yóò fọwọ́ sọ̀yà?

Orúkọ Orí Olókun kò kú nítorí èyí. Ní ọdún 1968 Yunifásítì Ifẹ̀ fi sọ ilé àṣà rẹ̀ lórúkọ, níbi tí Ọlá Rótìmí ti kó àwọn òṣèré jọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni ìrètí tún rú yọ. Ìròyìn dé etí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pé ojúlówó wà ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí òkun gbé lọ. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì rin ìrìn-àjò náà, wọ́n sì fi ọgbọ́n gbé orí kan jáde láti inú ilé kan níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi ara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n rí i pé ẹ̀dà ni, irú èyí tí British Museum ń ṣe. Òun tìkára rẹ̀ ni ó sọ èyí nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2006, kò sì fi ojú ara rẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀rín pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó kọjá òkun nítorí orí baba rẹ̀ kì í ṣe ẹni ẹ̀rín.

Ó wá di ọdún 2010, tí a gbé àwọn iṣẹ́ Ifẹ̀ lọ fún ìfihàn ńlá ní British Museum, Orí Olókun sì wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ tún fi irin iṣẹ́ ìgbàlódé yẹ̀ ẹ́ wò, Paul Craddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ èsì ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2013. Èsì náà dojú ọ̀rọ̀ ọdún 1949 rú: wọ́n ní orí tí gbogbo ayé ti ń pè ní ẹ̀dà fún 60 ọdún ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ojúlówó, èyí gan-an tí a wú nínú igbó. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé kò sí olè rárá; pé orí náà jókòó sí ilé láti ọjọ́ tí Partridge ti gbà á, tí a sì ń wá a kiri ayé dé Brazil. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa rò pé ó yẹ kí a wo bí ó ti burú tó: ilé ni ó lè wà, tí onílé kò sì lè dá a mọ̀.

Ẹ fi wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní April 1934, ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti ìlú Ghent, olè gbé abala kan nínú àwòrán olókìkí tí ó wà lórí pẹpẹ, a kò sì tíì rí i títí di òní. Ẹ̀dà ni ó wà ní ojú rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni ní Ghent tí ó ń jiyàn èwo ni ẹ̀dà èwo ni ojúlówó, nítorí pé kí olè tó dé ni a ti ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n sọ ohun náà nù, wọn kò sọ ìmọ̀ rẹ̀ nù.

Ibí yìí ni ìdí kejì tí a ṣèlérí wà. Ní ààfin wa àti ní agbo ilé wa, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, adé wà, ìlẹ̀kẹ̀ wà, ìlù wà, ọ̀pá àṣẹ àti ère wà tí baba fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ní Ọ̀wọ̀, aládùúgbò wa, ní ọdún 1971, Ekpo Eyo wú àwọn orí amọ̀ ní Igbó Lájà, tí ó ti pẹ́ tó nǹkan bí 500 ọdún, tí ojú wọn jọ ti Ifẹ̀ tí wọ́n sì tún ní àmì Ìbíní. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí wa, ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú kò sì tíì sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ohun wọ̀nyí bá ti ilé jáde lóru, kí ni a ó fi han àwọn ọlọ́pàá? Bí a bá rí i ní ọjà ní Yúróòpù lẹ́yìn 20 ọdún, ta ni yóò jẹ́rìí?

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni olè ń rí, pé ìpamọ́ ni ó gbà á là fún àwọn baba wa. A kò fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ààbò: ní ọdún 1993 àti 1994 olè wọ ti Ifẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ilẹ̀ sì pa Orí Olókun mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnìkan ṣoṣo la ẹnu, ìpamọ́ ti parí, kò sì sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ti Jos. Ní January 1987 olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, wọ́n kó ohun mẹ́sàn-án, orí idẹ Ifẹ̀ kan wà lára wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí a wú ní Wúnmọníjẹ̀. Ní ọdún 2007 orí náà yọ níbi títà ohun àtijọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tí ẹni tí ó rà á gbé e dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti tà á, àṣírí tú, àwọn ọlọ́pàá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti ìgbà pípẹ́, nítorí náà ni a fi dá a mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwòrán Tutù, tí Ben Enwonwu fi ọ̀dà ya ní ọdún 1974, àwòrán Adétutù, ọmọba Ifẹ̀ láti ìdílé Adémilúyì. Mẹ́ta ni ó yà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó di àwátì. Ní ìparí ọdún 2017 ọ̀kan yọ nínú ilé gbígbé kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, a sì tà á ní February 2018 ní iye tí ó lé ní £1,200,000. A kò tíì rí méjì yòókù.

Nítorí náà a ń fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ wa. A kò sọ pé kí a kó ohun òrìṣà fún ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí a kó wọn síta fún àlejò. Kí ọmọ ilé mú ẹ̀rọ ayàwòrán àti tépù ìwọnlẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ọba àti ti olórí ilé. Kí a ya ohun kọ̀ọ̀kan ní iwájú, ní ẹ̀yìn àti ní ìdí, kí a kọ gígùn rẹ̀, ibi tí ó ti sán, ibi tí kòkòrò ti jẹ, àti orúkọ rẹ̀ ní ẹnu àwọn tí ó ni ín. Ẹ̀dà ìwé náà kan yóò wà ní ààfin, ọ̀kan yóò wà ní ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, nínú àpótí tí a tì. A kò ní tẹ ẹ́ sínú ìwé ọdọọdún yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ lè fi owó ẹ̀rọ ránṣẹ́. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àwọn tí ó wà nílé ni yóò ṣe é, kí ó sì jẹ́ nígbà tí àwọn tí ó mọ orúkọ wọn ṣì wà láàyè.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa Igbó Olókun. Ilé ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Láàrin ọdún 2010 sí 2012 ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá, wú ilẹ̀ ní ibi tí ó kù, ó sì fi hàn pé níbẹ̀ gan-an ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń yọ́ dígí fúnra wọn, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó tó dé etí òkun wa. Àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà tí ó lé ní 12,000. Ó ka gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kò tó hóró àgbàdo.